Ọ̀dà Èéfín: Ewu Tí Ó Ń Fara Pamọ́ Sínú Ihò Èéfín, àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Ní ọdọọdún, bí ìgbà òtútù bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Ìlú Ọba àti ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ panápaná a máa ṣe ìkìlọ̀ kan náà fún gbogbo ẹni tí ń fi igi dáná yá nínú ilé: kí wọ́n jẹ́ kí oníṣẹ́ gbá ihò èéfín wọn kí wọ́n tó tún fi iná sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìmọ́tótó lásán. Ohun dúdú kan ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ihò èéfín láti inú, tí ó ń nípọn sí i díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Bí ó bá gbaná ní òru, ó lè jó ilé mọ́ àwọn tí ń sùn nínú rẹ̀. Bí ó bá sì dí ihò náà pa, afẹ́fẹ́ olóró yóò padà sínú ilé. Creosote ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun yìí. Ní èdè tí yóò tètè yé tọmọdé tàgbà, a lè pè é ní ọ̀dà èéfín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Àwọn ọmọ Oòduà tí ń gbé ní London, Manchester, Houston, Chicago àti Maryland lè háyà ilé tí ààrò iná yíyá wà nínú ògiri yàrá ìgbàlejò, tàbí èyí tí sítóòfù onírin tí ń jẹ igi wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí náà a sì máa ti Nàìjíríà lọ bá wọn tọ́jú ìkókó, nígbà mìíràn ní àárín gbùngbùn ìgbà òtútù. Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀ mọ iná dá dáradára, ṣùgbọ́n ó lè má mọ ohun tí èéfín ń ṣe nínú ihò tóóró tí òtútù yí ká.

Bí èéfín ṣe ń di ọ̀dà

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Omi náà lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá ti irú igi bẹ́ẹ̀ bọ iná, apá kan nínú ooru iná náà ni yóò kọ́kọ́ bá omi jà kí ó tó lè jó igi. Igi a máa ṣe ṣìì, ìfófó a máa yọ ní ẹnu rẹ̀, èéfín a sì pọ̀ ju iná lọ. Nínú èéfín yìí ni oru omi wà, pẹ̀lú àwọn èròjà inú igi tí iná kò rí jó tán: ọ̀dà, ásíìdì àti oríṣiríṣi gáàsì tí ó lè gbaná.

Bí èéfín náà ṣe ń gòkè ni ó ń tutù. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn èròjà náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara ihò, gẹ́gẹ́ bí oru ọbẹ̀ ti í di omi sí abẹ́ ọmọrí ìkòkò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé omi abẹ́ ọmọrí a máa kán padà sínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà èéfín a máa dúró síbẹ̀, a máa gbẹ, òmíràn a sì tún gun orí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìdáná àtijọ́ ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá ti rí ìbátan rẹ̀ rí: dúdú tí ń dán lára àjà àti lára igi òrùlé lókè ààrò. Orúkọ creosote gan-an, láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ń pa ẹran mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1832 ni Carl Reichenbach, onímọ̀ ará Jámánì, rí i pé ohun tí òun yọ láti ara ọ̀dà igi kì í jẹ́ kí ẹran ó rà. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú èéfín wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹja tí a fi èéfín gbẹ ó tètè bàjẹ́. Creosote mìíràn wà tí wọ́n ń rí láti ara èédú ilẹ̀. Òun ni wọ́n ti ń fi kun òpó iná ọba àti igi ojú irin kí ikán má baà jẹ wọ́n. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú ihò èéfín kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore kankan.

Ìpele mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ ihò èéfín pín in sí. Ní ìpele kìn-ín-ní, ó rí bí ìyẹ̀fun dúdú, búrọ́ọ̀ṣì lásán sì lè gbá a kúrò. Ní ìpele kejì, ó ti di èépá dídán tí ó le, tí ó gba agbára kí ó tó ṣí. Ní ìpele kẹta, ó ti yọ́, ó ti ṣàn, ó sì ti dì bí ọ̀dà ojú títì tí oòrùn pa tí ó tún wá tutù. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ran irú èyí. Ìpele kẹta yìí ni ó léwu jù, nítorí pé òun ni ohun tí iná lè jẹ pọ̀ sí nínú rẹ̀ jù lọ.

Nígbà tí ihò èéfín bá gbaná

Ọ̀dà èéfín lè wà nínú ihò fún oṣù púpọ̀ láìṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí òtútù bá wá mú gan-an, tí onílé kó igi gbígbẹ púpọ̀ jọ tàbí tí ó fi bébà púpọ̀ dáná, ọwọ́ iná lè ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ó sì kan ọ̀dà náà. Ihò èéfín fúnra rẹ̀ ni yóò wá di ààrò. Ooru inú rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àwọn tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí a máa sọ pé ariwo rẹ̀ dàbí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, tàbí tí ọkọ̀ òfuurufú ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ilé. Èéfín dúdú tàbí ahọ́n iná a máa yọ ní ṣóńṣó ihò náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń pariwo. Òmíràn wà tí kì í rí afẹ́fẹ́ tó, tí yóò jó wọ́ọ́rọ́wọ́, tí onílé kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èyí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ooru náà yóò ti fọ́ amọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ inú ihò, yóò ti ya sìmẹ́ǹtì àárín bíríkì, yóò sì ti tẹ irin. Bí wọ́n bá tún dáná ní ọjọ́ mìíràn, iná yóò gba ojú ibi tí ó là náà dé ara igi òrùlé.

Nínú ìwádìí tí àjọ National Fire Protection Association ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe lórí ohun tí ń fa iná ilé, àìgbá ihò èéfín àti àwọn ohun èlò iná yíyá wà lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí ń mú kí ilé jóná ní ìgbà òtútù. Ọ̀dà èéfín ni ó sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà àjọ náà tí a mọ̀ sí NFPA 211 ni pé kí a yẹ gbogbo ihò èéfín wò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn kò lò ó.

Afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn

Iná nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti mú kí ihò fún, tàbí bí èépá rẹ̀ bá já lulẹ̀ tí ó dí i, tàbí bí ẹyẹ bá kọ́ ìtẹ́ sí ẹnu rẹ̀, èéfín kò ní rí ọ̀nà jáde. Carbon monoxide tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wá padà sínú yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Bí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀, a máa gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà. Òun kan náà ni ó ń pa àwọn tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn ní Nàìjíríà.

Àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀. Ó jọ ọ̀fìnkìn tó le, ṣùgbọ́n kì í mú ara gbóná. Bí gbogbo ará ilé bá ń ṣe irú àìsàn kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá jáde síta, kí wọ́n fura. Àjọ CDC tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà sọ pé ènìyàn tí ó lé ní 400 ni afẹ́fẹ́ yìí ń pa ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí àwọn tí ó kú nínú ìjàm̀bá iná, àti pé ó lé ní 100,000 tí ó ń gbé dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas ní oṣù kejì ọdún 2021 kọ́ ọ̀pọ̀ lọ́gbọ́n. Yìnyín àti òtútù àìròtẹ́lẹ̀ bo ìpínlẹ̀ náà, iná mànàmáná sì lọ ní àìmọye ilé, títí kan àwọn ilé ní Houston tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Iye àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ikú wọn mọ́ ìjì yìí jẹ́ 246. Ó lé ní 1,400 ènìyàn tí ó wá ìtọ́jú nítorí carbon monoxide, púpọ̀ nínú wọn nítorí jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n tan nínú gáréèjì, àti èédú tí wọ́n dá nínú ilé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìgbà tí òtútù bá lé ènìyàn sí igun kò kọ́ ni ó yẹ kí ó máa wá ẹni tí yóò yẹ ihò èéfín rẹ̀ wò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí ẹni tí ń yáná, ni ó yẹ kí a ti ṣe é.

Àwọn ọmọ tí ó gun ihò èéfín

Ìmọ̀ nípa ewu dúdú èéfín kì í ṣe tòní. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ni wọ́n máa ń rán wọ inú ihò èéfín láti fi ọwọ́ ha á, nítorí pé ara wọn kéré. Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn St Bartholomew ní London, kọ̀wé nípa àrùn jẹjẹrẹ kan tí ó ń mú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní awọ àpò ẹpọ̀n wọn. Ó sọ pé dúdú èéfín tí ó lẹ̀ mọ́ wọn lára ni ó fà á. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó so àrùn jẹjẹrẹ mọ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe.

Wọ́n ṣe òfin ní 1788, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1840, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kò tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1875, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ George Brewster há sínú ihò èéfín ilé ìwòsàn kan ní Fulbourn, lẹ́bàá Cambridge, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ní ọdún náà gan-an ni òfin tuntun fi dandan lé e pé kí gbogbo ẹni tí ń gbá ihò èéfín gba ìwé àṣẹ, iṣẹ́ àwọn ọmọdé nínú ihò sì dópin. Lónìí, ẹ̀ka tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to dúdú èéfín tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń bá pàdé mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ bo imú, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìdènà: igi gbígbẹ, iná tí ń mí

Kò sí bí iná igi ṣe lè jó kí ó má rú èéfín rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń fa ọ̀dà lè dín in kù gidigidi. Ohun mẹ́ta ni ó ń fà á: igi tútù, iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, àti ihò tí ó tutù jù.

Ní ti igi, ìmọ̀ràn àwọn àjọ tí ń rí sí àyíká ni pé kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Kí igi tó dé ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ là á, kí a sì tò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán; àwọn igi líle mìíràn lè gbà ju ọdún kan lọ. Kí a tò ó sórí nǹkan kí ó má kan ilẹ̀, kí a bo orí rẹ̀ nítorí òjò, ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Igi tí ó ti gbẹ a máa fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ a máa sán, èèpo rẹ̀ a máa ṣí, bí a bá sì fi méjì kan ara wọn, a máa dún gbangba. Èyí tí kò tíì gbẹ, bọ́ọ́ ni yóò dún. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí ń wọn omi inú igi. Kí a la igi náà kí a tó fi ẹ̀rọ náà kan ojú ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, nítorí ara òde a máa gbẹ ṣáájú inú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé igi páìnì ni ó ń fa ọ̀dà èéfín nítorí oje tí ó wà lára rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páìnì tí ó gbẹ dáradára sàn ju igi líle tí ó tutù lọ. Omi inú igi ni ọ̀tá, kì í ṣe oje rẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn kó igi kún sítóòfù ní alẹ́, kí ó sì ti ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa kí igi lè pẹ́ títí di òwúrọ̀. Igi yóò pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní jó, yóò kàn máa rú èéfín ni. Òru kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀dà púpọ̀ sílẹ̀ nínú ihò. Iná kékeré tí ó mọ́lẹ̀ tí ó sì gbóná sàn ju iná ńlá tí a pa lẹ́nu mọ́ lọ. Ìdí nìyí tí sítóòfù tí ó tóbi ju yàrá lọ kò fi dára, nítorí pé onílé yóò máa dín iná rẹ̀ kù nígbà gbogbo. Bí èéfín tí ń jáde lókè ilé bá dúdú tí ó sì nípọn, iná náà kò rí afẹ́fẹ́ tó, tàbí igi rẹ̀ kò gbẹ.

Ní ti ihò fúnra rẹ̀, èyí tí ó gba ara ògiri ìta gòkè a máa tutù ju èyí tí ó gba àárín ilé lọ, ọ̀dà a sì máa tètè dì nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ lè fi páìpù irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n fi ohun amóoru wé, sínú rẹ̀ kí èéfín lè gbóná títí yóò fi jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ààrò di ààtàn. Igi tí a ti kùn, pákó tí a fi oògùn ikán sí, ọ̀rá àti ike kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí pé èéfín wọn ní oró. Kí a má sì ṣe fi bẹntiróò tàbí kẹrosíìnì ran iná igi láéláé.

Yíyọ ọ̀dà tí ó ti wà níbẹ̀

Bí ọ̀dà bá ti nípọn tó mìlímítà 3, ó ti tó kí a gbá a. Bí ó bá sì ń dán bí ohun tí a kùn, kí a má dúró kí ó tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn panápaná ní Ìlú Ọba dámọ̀ràn pé kí ihò tí èéfín igi ń gbà kọjá di gbígbá tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ní àsìkò tí a bá ń lò ó. Ti èédú tí kì í rú èéfín tó lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Yóò kọ́kọ́ ta aṣọ bo ẹnu ààrò kí eruku má baà kún ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó bá ihò náà mu, tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn, gbá a láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni ti ihò alámọ̀. Ti páìpù irin, onírọ́bà ni kí ó má baà ha á. Yóò fi ẹ̀rọ fa dúdú náà, yóò yẹ ẹnu ihò wò nítorí ìtẹ́ ẹyẹ, yóò sì wo inú ihò bóyá ó sán. Òmíràn a máa lo kámẹ́rà. Bí ọ̀dà bá ti dé ìpele kẹta, ó lè lo ẹ̀wọ̀n irin tí ẹ̀rọ ń yí, tàbí kẹ́míkà tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ̀dà náà di ohun tí ó ṣeé fọ́. Nígbà mìíràn, pípààrọ̀ páìpù inú ihò náà ni ọ̀nà àbáyọ.

Igi àtọwọ́dá kan wà lọ́jà tí wọ́n ń tà pé bí a bá jó o, yóò tú ọ̀dà èéfín ká. Ó lè mú kí ọ̀dà náà gbẹ kí ó sì rọrùn láti gbá, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò búrọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ọ̀dùnkún àti iyọ̀ tí àwọn kan ń dà sínú iná. Ohun tí ó já bọ́ láti ara ihò ṣì gbọ́dọ̀ jáde nínú ilé.

Kí a má gbàgbé eérú. Ẹyin iná lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti tutù. Inú garawa onírin tí ó ní ìdérí ni kí a kó o sí, kí a sì gbé e jìnnà sí ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti jó nítorí eérú tí wọ́n dà sínú ike tàbí páálí.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó háyà ilé

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni òfin ti pàṣẹ fún onílé pé kí ó fi ẹ̀rọ tí ń kéde carbon monoxide sínú yàrá tí ohun èlò tí ń jó igi tàbí èédú bá wà nínú ilé tí ó fi háyà. Ẹni tí ó bá háyà irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò rí ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kí ó tún béèrè ọjọ́ tí wọ́n gbá ihò èéfín kẹ́yìn, kí ó sì ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn án, nítorí pé oníṣẹ́ gidi a máa fún ènìyàn ní ìwé.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba kí wọ́n ta igi ìdáná tí omi rẹ̀ ju ìdá 20 lọ ní ìwọ̀n kékeré fún àwọn ará ilé. Èyí tí ó bá kún ojú ìwọ̀n a máa ní àmì «Ready to Burn». Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò London, ẹni tí èéfín bá ń jáde nínú ihò rẹ̀ láìtẹ̀lé ìlànà lè san owó ìtanràn pọ́n-ùn 175 sí 300.

Bí ó bá gbaná lójijì

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo nínú ihò èéfín, tàbí tí ẹ rí iná ní ṣóńṣó rẹ̀, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ pe panápaná: 999 ni ní Ìlú Ọba, 911 ni ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá ṣeé ṣe láìfi ẹ̀mí wewu, ẹ ti ilẹ̀kùn sítóòfù àti ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí iná má rí ohun mí. Ẹ má ṣe da omi sínú ihò tí ó gbóná, nítorí pé òjijì omi lè fọ́ ọ, oru rẹ̀ sì lè bó ènìyàn. Bí iná náà bá tilẹ̀ kú fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí panápaná wò ó, nítorí pé ó lè ti wọ òrùlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún dáná níbẹ̀ títí oníṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ilé tí ó ní ihò èéfín kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n èéfín igi wọ́pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ni ó kú ní àgbáyé nítorí èéfín inú ilé, tí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Ohun tí ó ń dì mọ́ àjà ilé ìdáná ni ó ń dé inú ẹ̀dọ̀fóró ìyá tí ń fẹ́ iná àti ọmọ tí ó pọ̀n.

Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago ṣe ìwádìí pẹ̀lú aboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tí ń lo ethanol. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ nínú ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí dára ju ti àwọn tí kò yí ohun ìdáná wọn padà lọ.

Ìhà mìíràn ni ìwádìí orílẹ̀-èdè Guatemala gbà, láàrin 2002 àti 2004, pẹ̀lú ìdílé 534. Ààrò tí ó ní ihò èéfín ni wọ́n kọ́ fún apá kan nínú wọn. Carbon monoxide tí àwọn ọmọdé ń fà símú dín kù tó ìdajì, àrùn òtútù àyà tí ó le gan-an náà sì dín kù, ṣùgbọ́n ihò èéfín nìkan kò mú gbogbo ewu kúrò. Ẹni tí ó bá sì kọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀ sí ilé, sí búkà tàbí sí ilé búrẹ́dì ní Nàìjíríà, kí ó mọ̀ pé ìlànà kan náà ni ó dè é: kí ó lo igi gbígbẹ, kí ó jẹ́ kí iná rí afẹ́fẹ́, kí ó sì máa gbá ihò rẹ̀ déédéé. Ihò tí ọ̀dà bá ti dí kò yàtọ̀ sí kí a má ní in rárá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ọ̀dà èéfín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin wà nínú ihò ilé rẹ̀, iná ni ó fi sórí òrùlé yẹn, kò wulẹ̀ tíì jó ni. Ìpè kan sí oníṣẹ́ kí òtútù tó dé, igi tí a tò kí ó gbẹ láti ọdún tí ó kọjá, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń kéde afẹ́fẹ́ olóró, ni wọ́n ń mú kí ìdílé lè sun oorun àsùn-ún-jí. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní òkè òkun, kí ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá tún pe ara wọn lórí fóònù: ìgbà wo ni wọ́n gbá ihò èéfín ilé náà kẹ́yìn?